Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní Ẹṣin ni mí, Màlúù ni ọmọ àwọn

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Manchester ni mo ń gbé. Ọmọ Ṣáínà ni ọkùnrin tí mo ń fẹ́, ará Foshan ní ìpínlẹ̀ Guangdong. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí a ti ń bá a bọ̀. Ó ti dé Iléṣà, ó ti jẹ iyán lọ́wọ́ màmá mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, àfi pé orúnkún ló kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, tí gbogbo ilé fi bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ pè wá lórí fóònù, wọ́n ní kí n sọ ọdún tí wọ́n bí mi, àti oṣù, àti ọjọ́, àti wákàtí. Mo ṣebí ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ rà. Mo ní 1990. Kí n tó sọ ìyókù, wọ́n ti dákẹ́ lọ gbári. Oṣù kẹsàn-án 1985 ni wọ́n bí ọmọ wọn. Wọ́n ní nínú ẹranko ọdún tiwọn, Ẹṣin ni mí, Màlúù ni ọmọ àwọn, àti pé àwọn àgbà wọn máa ń sọ pé ẹṣin funfun ń bẹ̀rù màlúù aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní kí a ṣì ní sùúrù ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá àwọn Ṣáínà gbé, kí lèyí? Ṣé ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kọ èèyàn ni, àbí wọ́n gbà á gbọ́ lóòótọ́?

Aláṣọ Guangzhou

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ra aṣọ lọ́jà Zhongda ní Guangzhou. Foshan ò jìnnà síbẹ̀ rárá, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè má fi gbogbo ara gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ kó jẹ́ orí ọmọ tòun ni wọn yóò ti dán an wò.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ẹranko méjìlá ló ń gba ọdún lọ́wọ́ ara wọn. Eku ló ṣíwájú, Màlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ẹkùn (onílà tiwọn o, kì í ṣe alámì tótòtó tiwa), Ehoro, Dírágónì, Ejò, Ẹṣin, Ewúrẹ́, Ọ̀bọ, Àkùkọ, Ajá, Ẹlẹ́dẹ̀ sì kẹ́yìn. Ká ní o fẹ́ mọ ẹni tó bá ẹnì kan mu, iye ọdún tó wà láàárín wọn ni kí o kà. Àwọn tí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin bá wà láàárín wọn, ọ̀rẹ́ ni wọ́n: Eku, Dírágónì àti Ọ̀bọ, Màlúù, Ejò àti Àkùkọ, Ẹkùn, Ẹṣin àti Ajá, Ehoro, Ewúrẹ́ àti Ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọdún mẹ́fà, wọ́n kọjú ìjà síra wọn nìyẹn: Eku sí Ẹṣin, Màlúù sí Ewúrẹ́, Ẹkùn sí Ọ̀bọ, Ehoro sí Àkùkọ, Dírágónì sí Ajá, Ejò sí Ẹlẹ́dẹ̀. Obìnrin tí mo máa ń ra àǹkárá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọmọbìnrin kan tó ti tó ilé ọkọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń bi ọkùnrin tó bá wá ni pé, "Ọdún mélòó lo fi jù ú lọ?" Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, ìyẹn di ìbéèrè kejì.

Ti Ẹṣin àti Màlúù kò sí nínú ọlọ́dún mẹ́fà. Abala mìíràn ni tiwọn, àwọn tó ń pa ara wọn lára lábẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ìyẹn dé ìdí. Àjèjì KL ló mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká pè é.

Àjèjì KL

Mo ti dé o.

Ohun tí màmá yẹn sọ, ọ̀kan ni nínú ewì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kan tí àwọn àgbà wọn mọ̀ lórí. Ó lọ báyìí: ẹṣin funfun ń bẹ̀rù màlúù aláwọ̀ ewé, ewúrẹ́ pàdé eku, òwúrọ̀ kan ṣoṣo ló parí, ejò àti ẹkùn dà bí ọ̀bẹ tó kọlu ọ̀bẹ, dírágónì àti ehoro, omijé ń ṣàn, àkùkọ oníwúrà ń bẹ̀rù ajá, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀bọ kì í bára wọn dé òpin. Lédè wọn, ó ń dún bí orin, ìyẹn ló ṣe rọrùn láti há sórí. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè fi tú ìfẹ́sọ́nà ká níbi tó ti ń bó ẹ̀pà.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín (má bínú) ni bí ọ̀rọ̀ tiyín ṣe bọ́ sínú ewì náà rẹ́gí. Yàtọ̀ sí ẹranko, ọdún kọ̀ọ̀kan tún ní ohun kan nínú márùn-ún yìí: igi, iná, ilẹ̀, irin, omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Irin ló ni funfun, igi ló ni àwọ̀ ewé. Ẹṣin ti 1990, ẹṣin onírin ni, ẹṣin funfun nìyẹn. Màlúù ti 1985, onígi ni, aláwọ̀ ewé nìyẹn. Ọgọ́ta ọdún ni gbogbo rẹ̀ fi ń yí po, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ẹṣin funfun ń wá nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni màlúù aláwọ̀ ewé. Manchester lẹ wá ti pàdé ara yín! Ó yẹ kí jìnnìjìnnì bo màmá yẹn lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n dúró ná. O ní kí o tó sọ ìyókù, wọ́n ti dákẹ́. Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bí ẹ?

Ìránṣẹ́ Olúwa

Arábìnrin, Kristẹni ni yín àbí ẹ kì í ṣe Kristẹni? Ẹ gbàdúrà, kí ẹ kó gbogbo ẹranko yìí dànù. Ìbọ̀rìṣà ni.

Ìyá Ìbejì

Ìránṣẹ́ Olúwa, ẹ rọra o. Kí bàbá mi tó gbà fún ọkọ mi, wọ́n ti rán èèyàn lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ wádìí bóyá àrùn ọpọlọ wà nílé wọn, bóyá wọ́n máa ń jẹ gbèsè, bóyá obìnrin ń pẹ́ níbẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi, ọ̀dọ̀ babaláwo ni wọ́n gba lọ ní tiwọn, kí Ifá sọ bóyá ìyàwó náà á san wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì tiyín náà ń gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so èèyàn pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ 14, oṣù kìíní, 1990. Kí ló dé?

Àjèjì KL

Ìwọ kì í ṣe Ẹṣin! Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ọdún tuntun àwọn Ṣáínà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tiwa. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí náà ó máa ń sún síwá sẹ́yìn láàárín ìparí oṣù kìíní àti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kejì. Ní 1990, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ni Ẹṣin wọlé. Nígbà tí wọ́n bí ẹ lọ́jọ́ 14, Ejò ṣì ń jókòó lórí àga, ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kó dìde. Ejò ọdún 1989 ni ọ́, Ejò onílẹ̀.

Wá padà sókè, kí o ka ohun tí Aláṣọ kọ. Màlúù, Ejò, Àkùkọ. Ẹ ti jáde nínú ewì omijé, ẹ ti bọ́ sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta.

Kí ẹlòmíràn tó ń ka èyí má baà ṣìṣe: àwọn tó fi ìṣirò yìí ṣiṣẹ́ ṣe kì í wo ọjọ́ ọdún tuntun, ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń lò, nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù kejì lọ́dọọdún. Ti Ọmọ Ọbòkun ò ní wàhálà, Ejò ni lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 1991, Ẹṣin ni lẹ́nu ará ilé, nítorí ọjọ́ 15 ni ọdún yí. Tó bá dé ọ̀dọ̀ onímọ̀, wọ́n á ní Ewúrẹ́ ni. Mo ti rí tọkọtaya tó tìtorí ìyẹn jà.

Ìyá Ìbejì

Ejò ló wá di ìròyìn ayọ̀! Ẹ má sọ fún màmá yín ní Iléṣà o, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa gbà.

Aláṣọ Guangzhou

Lọ́dọ̀ wọn, Ejò ò burú bẹ́ẹ̀. "Dírágónì kékeré" ni wọ́n ń pè é tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un. Ewúrẹ́ ni kí ẹ bá mi káàánú, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin. Wọ́n ní nínú ewúrẹ́ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni nǹkan ò ní pé fún. Mo mọ ọmọbìnrin kan nínú ọjà, 1991 ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n Ọ̀bọ ló máa ń pe ara rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ẹ. Dírágónì ni gbogbo ayé fẹ́ bí. Ní Taiwan àti Singapore, ìbí lọ sókè ní 1976 àti 1988 torí pé ọdún Dírágónì ni. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wá dàgbà, àyè ilé ìwé kan náà ni gbogbo wọn jọ ń dù. Oríire ńlá!

Onígègé

Ẹ jẹ́ kí n ṣe aláìgbàgbọ́ díẹ̀. Àwọn Ṣáínà fúnra wọn ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà láti nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Wang Chong lorúkọ ọkùnrin náà, ayé ìjọba Han. Nínú ìwé rẹ̀, Lunheng, ó bi àwọn elérò yìí léèrè pé: ẹ ní Eku ni omi, Ẹṣin ni iná, omi a sì máa pa iná, kí ló wá dé tí eku kì í lé ẹṣin? Ẹ ní Àkùkọ ni irin, Ehoro ni igi, irin a sì máa gé igi. Kí ló dé tí àkùkọ kì í ṣá ehoro jẹ? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe àpárá nígbà gbogbo. Ní Japan, ìgbàgbọ́ kan wà pé obìnrin tí wọ́n bá bí lọ́dún Ẹṣin oníná á ṣe ọkọ rẹ̀ ní jàǹbá. Ní 1965, wọ́n bí ọmọ bíi mílíọ̀nù 1.82 níbẹ̀. Ní 1966 tó jẹ́ ọdún Ẹṣin oníná, ó já wá sí mílíọ̀nù 1.36. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún gun òkè padà. Ọgọ́ta ọdún ló fi ń yí po. 2026, òun náà ni.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Eku ti sọ̀rọ̀, ajá ti sọ̀rọ̀, ẹnì kan ò tíì béèrè ẹ̀jẹ̀. Ọmọ Ọbòkun, kí ni genotype rẹ?

Ọmọ Ọbòkun

AS ni mí, àǹtí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣáínà ni òun, wọn kì í ní S.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣìnà. Òótọ́ ni pé S ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ń jẹ́ thalassaemia, ẹ̀jẹ̀ náà ló ń bá jà, a sì máa ń jogún rẹ̀. Ní gbogbo Ṣáínà, apá gúúsù ló pọ̀ sí jù, Guangdong àti Guangxi. Níbo ni Foshan wà? Guangdong. Ẹni tó gbé ẹyọ kan, ara rẹ̀ á máa le koko, ó lè darúgbó láì mọ̀.

Tí ìwọ tó o jẹ́ AS bá fẹ́ ẹni tó gbé èyí tí wọ́n ń pè ní beta thalassaemia, nínú oyún mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ máa retí pé ọ̀kan lè gba S lọ́dọ̀ rẹ kó tún gba thalassaemia lọ́dọ̀ bàbá. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni ìyẹn náà. Ìrora egungun tí ẹ mọ̀, ilé ìwòsàn tí ẹ mọ̀. Ti ẹlòmíràn máa ń rọjú díẹ̀, ti ẹlòmíràn le bíi SS.

Nítorí náà, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Kó má kàn sọ pé "genotype" kí wọ́n wá kọ AA fún un kó máa jó lọ sílé. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbé thalassaemia, kí wọ́n wo bí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ṣe tóbi tó àti ìwọ̀n haemoglobin A2 rẹ̀. Ẹ sọ pé AS ni ọ́, wọ́n á yára dá yín lóhùn. Ẹ ṣe é kí ẹ tó dá ọjọ́.

Ìyá Ìbejì

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Èyí ni mo fẹ́ gbọ́.

Àjèjì KL

Ọmọ Ọbòkun, kí o tó pe màmá yẹn padà, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ gbogbo ìṣirò yìí fún ẹ. Kì í ṣe torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo fẹ́ ọmọbìnrin kan sọ́nà ní Kuala Lumpur (KL) ní Malaysia, ọmọ Ṣáínà ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ẹranko wa ò bára mu. Mo lọ ra ìwé, mo kọ́ ọ. Ẹlẹ́dẹ̀ 1983 ni mí, Ehoro 1987 ni òun, ọ̀rẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin! Mo mú ìwé náà lọ síwájú bàbá bí ẹni tó gba ìdájọ́ nílé ẹjọ́. Bàbá ní àṣé mi ò mọ̀ pé ẹranko ọdún nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Òótọ́ sì ni. Lẹ́tà mẹ́jọ ni wọ́n máa ń kọ fún èèyàn, bazi ni wọ́n ń pè é: méjì fún ọdún, méjì fún oṣù, méjì fún ọjọ́, méjì fún wákàtí. Ẹranko ọdún, ọ̀kan péré ni nínú mẹ́jọ. Èyí tó dúró fún ìwọ fúnra rẹ, lórí ọjọ́ ló wà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ilé ọkọ tàbí aya. Mo lọ kọ́ ìyẹn náà. Mo padà lọ, bàbá ní wákàtí mi ni kò dára. Mo ní kò burú, mò ń bọ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní oṣù ni. Lọ́jọ́ yẹn ni mo dìde nílẹ̀, mo dúpẹ́ tíì tí mo mu, mo lọ sílé.

Ọmọbìnrin náà ti lọ́kọ. Ọkọ rẹ̀ fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, Àkùkọ 1981. Àkùkọ àti Ehoro! Ẹ lọ wo òkè, ìjà ojúkojú. Bàbá náà ló sìn ín lọ sílé ọkọ.

Torí náà, pe màmá yẹn, sọ pé Ejò ni ọ́, kí o wá tẹ́tí sí ohùn wọn. Tí wọ́n bá yọ̀, ẹranko ló ń bà wọ́n lẹ́rù lóòótọ́, ó sì ti tán. Tí wọ́n bá ní ó ku nǹkan mìíràn, tí ìyẹn tán tí òmíràn tún yọjú, ẹ lọ bi ọkọ rẹ ohun tí ń bẹ nínú ìyá rẹ̀.

Aláṣọ Guangzhou

Ó dùn mí o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ Ọmọ Ọbòkun, ṣe wákàtí rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n á tún béèrè.

Ọmọ Ọbòkun

Mo ti pe Iléṣà. Màmá mi ní obìnrin tó ń rọbí kì í wo aago. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí mo ṣe ké báyìí ni wọ́n ń pe ìrun àsùbáà ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣé kí n wá fi wákàtí méje kún un kó lè bá ti Ṣáínà mu?

Àjèjì KL

Rárá o. Aago ibi tí wọ́n ti bí ẹ ni kí o lò, Iléṣà ni oòrùn rẹ ti là. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n pín ọjọ́ sí, ẹranko méjìlá kan náà ló tún ni ín. Àsùbáà bọ́ sí aago márùn-ún sí méje ìdájí, wákàtí Ehoro. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

A pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, a jọ tan fídíò. Ọkọ mi ló túmọ̀. Ó ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní. Màmá gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè ń mì. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà. Ìgbà tí wọ́n dé orí Ejò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pariwo pe bàbá wá láti yàrá, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀, ọkọ mi ò lè túmọ̀ mọ́, ẹ̀rín ló ń rín. Wọn ò tiẹ̀ béèrè wákàtí. Àsùbáà mi ṣòfò.

Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣé lọ́dún 2024 tí mo ń bínú pé wọn ò jẹ́ ká dá ọjọ́, "ọdún opó" ni wọ́n ń sá fún. Ọdún náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìgbà ìrúwé ti wọlé, ó sì parí kí èyí tó tẹ̀ lé e tó dé, ni wọ́n bá ní kò ní ìrúwé nínú.

Aláṣọ Guangzhou

Kì í ṣe ìyá tiẹ̀ nìkan. Ní 2023, tọkọtaya mílíọ̀nù 7.68 ló forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní Ṣáínà. Ní 2024, mílíọ̀nù 6.1. Owó ilé àti àìríṣẹ́ wà níbẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ opó nìkan, ṣùgbọ́n mo mọ ilé mẹ́ta tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ opó ni. Ti 2025 yìí, ìrúwé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ yára dá ọjọ́!

Ọmọ Ọbòkun

Ohun tí mo rò náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di Ejò tán ni màmá rántí pé ọdún Ejò ni 2025, ọdún tèmi gan-an. Wọ́n ní ẹni tó wà nínú ọdún ara rẹ̀ kì í ṣègbéyàwó, ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ló ń ṣọ́ ọ. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 17 oṣù kejì 2026, nígbà tí Ẹṣin bá gorí àga. Màmá mi ní Iléṣà ní kò burú, àwọn náà ò tíì san owó aṣọ tán.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó ti lọ fa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí a padà wá gba èsì lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bá mi fi sádùúrà.

Páálí kan wọlé láti Foshan láàárọ̀ yìí. Ìbọ̀sẹ̀ pupa ẹsẹ̀ mẹ́rin, bẹ́líìtì pupa kan, pátá pupa mẹ́fà. Wọ́n ní kí n máa wọ̀ ọ́ títí Ejò yóò fi lọ. Mi ò mọ ẹni tó sọ ìwọ̀n mi fún wọn. Ó bá mi mu rẹ́gí.